Ẹ Bi Kúlúsọ: Ìdánwò Inú Kíláàsì àti Ìtàn Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́nsì ní Èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń já ọmọ ilé-ìwé láyà ju pàṣán lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ìdánwò. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, ọmọ tí ó ń ṣeré yóò dákẹ́, òbí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tí ó kù. Nínú Bíbélì Yorùbá pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a ń lò fún ohun tí ó ń dé bá onígbàgbọ́ kí a lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní ilé-ìwé àti ní ilé ìjọsìn, ènìyàn ni a ń dán wò.

Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí onímọ̀ èdè ti í ṣe, a óò rí i pé ó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi mọ́ dánwò, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tí a lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn là láàárín. Ìyá tí ó fẹ́ ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ yóò ní, "Dán an wò." Nínú gbólóhùn yìí, ọmọ ni olùṣe, bàtà ni a ń dán wò. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé wò yìí ní ẹbí púpọ̀: à ń tọ́ ọbẹ̀ wò, à ń gbé ẹrù wò, à ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, à ń fi ọwọ́ kan nǹkan wò. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ tàbí ẹnu ń ṣe nǹkan, ojú sì ń ṣọ́ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa ni ó dá sáyẹ́nsì sílẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ Yorùbá tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń wádìí ohun gbogbo fínnífínní ti ní irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu kí ó tó wọ ilé-ìwé.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí a gbé ìtàn kan yẹ̀ wò, ìtàn bí a ti gbìyànjú láti jẹ́ kí ọmọdé ilẹ̀ wa di ẹni tí ń dán nǹkan wò, kí ó má jẹ́ pé òun nìkan ni a óò máa dán wò. Ìtàn náà gba Kánò kọjá, ó dé Modákẹ́kẹ́, kò sì tíì parí títí di òní.

ẸYỌ Ẹ̀WÀ MẸ́WÀÁ

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní ìlànà sáyẹ́nsì. Ẹ jẹ́ kí a mú ìdánwò kan tí kò ní ná olùkọ́ kankan lówó. Ó nílò agolo mílíìkì méjì, iyẹ̀pẹ̀ láti ojú kan náà, ẹyọ ẹ̀wà mẹ́wàá láti inú àpò kan náà, àti omi. Kí ó gbin ẹyọ márùn-ún sínú agolo kọ̀ọ̀kan. Kí ó gbé agolo kan sí ojú fèrèsé, kí ó sì fi páálí dé èkejì kí ìmọ́lẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Iye omi kan náà ni kí ó máa bu sí méjèèjì ní àkókò kan náà.

Kí ọjọ́ kan tó kọjá, kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ léèrè pé, "Èwo nínú méjèèjì ni yóò hù?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sọ pé èyí tí ó wà nínú òkùnkùn kò ní hù rárá, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ lórí pátákó pé igi kò lè ṣe aláìní oòrùn. Kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ó má sọ fún wọn bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan bá fi máa kọjá, àwọn ọmọ yóò rí ohun ìyanu: ẹ̀wà hù nínú agolo méjèèjì. Èyí tí ó wà lábẹ́ páálí tilẹ̀ lè ga ju ti ojú fèrèsé lọ. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa ràkọ̀ràkọ̀ dípò kí ó jẹ́ àwọ̀ ewé.

Nígbà náà ni ẹ̀kọ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ni hóró ẹ̀wà ń jẹ tí ó fi hù láìsí ìmọ́lẹ̀? Kí ni ó dé tí ó fi ń nà gọ̀gọ̀rọ̀? Bí a bá ṣí páálí kúrò lórí rẹ̀, ṣé àwọ̀ ewé yóò padà wá? Ọmọ tí ó bá bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ẹni tí ń há nǹkan sórí.

Ẹ wo àwọn ìgbésẹ̀ tí a gbé. A kọ́kọ́ ṣe àkíyèsí, a bèèrè ìbéèrè, a dá àbá, a dán àbá náà wò, a fi méjì wéra, a sì gúnlẹ̀ sí ibi tí ojú wa bá gbé wa dé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àbá ni mo fẹ́ràn jù lọ. Àwọn àgbà máa ń wí pé àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè jẹ òkúta. Ẹni tí ó bá dá àbá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè ṣaláìrí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí àbá já sí òfo. Ìtìjú wà nínú kí a rí i pé ó ti já sí òfo kí a sì máa dì í mú síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń fò jù lọ ni ìfiwéra. Ẹyọ nǹkan kan péré ni ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láàárín agolo méjèèjì. Bí olùkọ́ bá fi páálí dé agolo kejì tí ó sì tún gbàgbé láti bu omi sí i, tí ẹ̀wà inú rẹ̀ bá kú, ta ni yóò mọ̀ bóyá òkùnkùn ni ó pa á tàbí òǹgbẹ? Ní ọdún 1668, Francesco Redi, oníṣègùn ará Ítálì, fi ọgbọ́n yìí yanjú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà gbọ́ láti ìgbà pípẹ́, pé ẹran tí ó bá jẹrà ni ó ń sọ ara rẹ̀ di ìdin. Ó fi ẹran sínú àwọn ìkòkò, ó ṣí àwọn kan sílẹ̀, ó sì bo àwọn yòókù. Inú èyí tí eṣinṣin lè bà sí nìkan ni ìdin ti yọ. Àwọn kan lè sọ pé àìsí afẹ́fẹ́ ni kò jẹ́ kí ìdin yọ nínú àwọn tí a bò, nítorí náà ó tún fi aṣọ tí ihò rẹ̀ wẹ́ bo àwọn mìíràn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Síbẹ̀, ìdin kò yọ lára ẹran náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìfiwéra yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà dé orí rẹ̀.

KÁNÒ, 1965

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira, ohun tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́nsì ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kò ju ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́tótó àti orúkọ ẹ̀yà ara kòkòrò lọ. Olùkọ́ a kọ ọ́ sí pátákó, ọmọ a dà á kọ, ó di ọjọ́ ìdánwò. Ìpàdé kan wáyé ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961, níbi tí àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti jíròrò lórí bí wọn yóò ṣe tún ẹ̀kọ́ sáyẹ́nsì àti ìṣirò ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti inú ìjíròrò náà ni ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́nsì fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti jáde, tí a ń pè ní APSP. Ní ọdún 1965, àwọn olùkọ́ pàdé ní Kánò láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Tànsáníà àti Sàró wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kópa.

Àwọn tí ó ṣe ètò náà kọ àwọn ìwé pélébé fún olùkọ́ nípa ohun tí kò ṣòro rí níbikíbi ní Áfíríkà: iyanrìn, omi, hóró irúgbìn, òṣùwọ̀n tí a fi igi ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ni Ask the Ant Lion, èyí tí í ṣe "Ẹ bi kúlúsọ." Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ kúlúsọ? Kòkòrò kékeré yìí ni ó ń gbẹ́ kòtò róbótó sínú iyanrìn lábẹ́ òrùlé, níbi tí òjò kò dé. Ẹ̀yìn ni ó fi ń rìn. Bí èèrà bá yọ̀ bọ́ sínú kòtò rẹ̀, yóò máa da iyanrìn lu èèrà náà kí ó má baà rí ọ̀nà jáde, yóò sì fi ẹnu rẹ̀ tí ó dà bí ẹ̀mú gbá a mú. Bí ó bá dàgbà tán, yóò hu ìyẹ́, yóò sì fò lọ, a óò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pè é ní lámilámi.

Ẹ̀kọ́ inú ìwé náà kò nira. Bí ọmọ bá bèèrè pé, "Kí ni kúlúsọ ń jẹ?" olùkọ́ kò ní dá a lóhùn. Yóò ní kí ó bi kúlúsọ. Báwo ni a ti ń bi kúlúsọ ní ìbéèrè? A ó fi èèrà sí ẹnu kòtò rẹ̀, a ó sì máa wò ó. A ó fi hóró ìrẹsì síbẹ̀, a ó máa wò ó. A ó da iyanrìn gbígbẹ sínú àwo kan, a ó da iyanrìn tí a fi omi rin sínú òmíràn, a ó fi kúlúsọ márùn-ún sínú ìkọ̀ọ̀kan, a ó sì ka iye kòtò tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Iyanrìn gbígbẹ tí ó kúnná ni kúlúsọ fẹ́. Ọmọ tí ó ka kòtò fúnra rẹ̀ ni yóò sọ èyí fún olùkọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí kò bá àṣà wa mu, pé ọmọ kì í jiyàn pẹ̀lú àgbà, àti pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Òtítọ́ ni pé a ní òwe yẹn. Ṣùgbọ́n a ní òmíràn tí ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A sì ní èyí tí ó sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọ tí ó bi kúlúsọ kò bá àgbà jiyàn. Ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ bà ni ó ń ròyìn.

Ọ̀nà tí a gbà yẹ ètò náà wò pẹ̀lú dára. Eleanor Duckworth, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ti bá Jean Piaget ṣiṣẹ́, ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Dípò kí ó fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, ó kó oríṣiríṣi ohun èlò sínú yàrá, ó ní kí àwọn ọmọ tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà àti àwọn tí kò kọ́ ọ ṣe ohun tí ó bá wù wọ́n, ó sì ń kíyè sí ohun tí olúkúlùkù fi wọ́n ṣe. Oríṣiríṣi nǹkan tí àwọn ọmọ ètò náà ṣe pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì jinlẹ̀ jù ú lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù díẹ̀ káàtó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ àwọn ìwé náà. Ọmọ tí ó mọ kúlúsọ láti ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń pè é ní ant lion kí ó tó lè bi í ní ìbéèrè. Èyí ni ó gbé wa dé Modákẹ́kẹ́.

MODÁKẸ́KẸ́, 1970

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Babátúndé Fáfúnwá (1923–2010) ni aṣáájú iṣẹ́ náà, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọ́láyàn, onímọ̀ èdè.

Àbá tí Fáfúnwá dá rọrùn láti lóye. Ọmọ tí a fi èdè tí kò gbọ́ kọ́ ní ẹ̀kọ́ ń ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ẹrù èdè àti ẹrù ìmọ̀. Bí ó bá kùnà, a kò lè mọ èyí tí ó wó o lulẹ̀. Àjọ UNESCO ti sọ ní ọdún 1953 pé èdè abínibí ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí Fáfúnwá fẹ́ ni kí a dán an wò.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní kíláàsì ìdánwò, wọ́n sì ní kíláàsì ìfiwéra, gẹ́lẹ́ bí agolo ẹ̀wà méjì. Ní kíláàsì ìdánwò, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ bí a ti ń kọ́ni ní èdè kejì. Ní kíláàsì ìfiwéra, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀lé: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tí ó kù. Ní ọdún 1973, wọ́n fa àwọn ilé-ìwé mìíràn wọ inú iṣẹ́ náà, kí a má baà sọ pé ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìwé sáyẹ́nsì ní Yorùbá fún ìpele gíga ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti kọ ọ́. Wọ́n kọ ìwé fún ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́nsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, wọ́n sì kọ ìwé atọ́nà fún olùkọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bèèrè pé, "Níbo ni Yorùbá ti fẹ́ rí ọ̀rọ̀ sáyẹ́nsì?" Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibi tí èdè gbogbo ti ń rí i náà ni: lára ohun tí ó ti ní, àti lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ wo òòfà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́ fà nínú rẹ̀, ó sì ti mọ iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe kí olùkọ́ tó ṣàlàyé. Ọmọ tí ó gbọ́ magnet kò gbọ́ nǹkan kan. Bí a bá sì nílò ọ́síjìn, a lè yá a, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti yá a lọ́wọ́ àwọn ará Faransé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì ju orúkọ nǹkan lọ ni gbólóhùn. Ìlànà sáyẹ́nsì dúró lé oríṣi gbólóhùn mélòó kan. Èkíní ni "Bí a bá ṣe báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?" Èkejì ni "Mo rò pé yóò rí báyìí, nítorí pé…" Ẹ̀kẹta ni "Kì í ṣe omi ni ó fà á, nítorí pé omi kan náà ni a bu sí méjèèjì." Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ ń lo irú gbólóhùn wọ̀nyí nígbà tí ó bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹran. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ pé ọdún mẹ́rin sí márùn-ún sí i ni yóò tó lè tò wọ́n pọ̀ dáadáa. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ohun tí ó kù fún un láti ṣe kò ju pé kí ó há ohun tí olùkọ́ kọ sórí lọ. Èdè àjèjì kò gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tán. Ọmọ lè ka àkọ́sórí pé igi nílò oòrùn. Ìyàn jíjà ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe ọkàn sáyẹ́nsì.

A DÁN ÌDÁNWÒ NÁÀ WÒ

Kí ni àbájáde rẹ̀? Gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti jábọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì ìdánwò ṣe dáadáa ju àwọn ti kíláàsì ìfiwéra lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí a fi Yorùbá kọ́ wọn. Èyí tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì: àwọn ọmọ tí a kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní nǹkan mìíràn kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú rẹ̀. Àbá àwọn tí ó sọ pé Yorùbá yóò pa Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọmọ lẹ́nu já sí òfo. Ní ọdún 1989 ni a tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní odidi ìwé, èyí tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya jọ ṣe olóòtú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ràn sáyẹ́nsì kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn sí kí ó má yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ ti bèèrè, ìbéèrè wọn sì tọ́: ǹjẹ́ èdè nìkan ni ó yàtọ̀ láàárín kíláàsì méjèèjì? Rárá o. Àwọn ọmọ kíláàsì ìdánwò rí ìwé tuntun tí a fara balẹ̀ kọ. Wọ́n ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọṣẹ́. Ojú gbogbo ayé wà lára wọn, olùkọ́ tí ó bá sì mọ̀ pé a ń wo òun kì í sábà fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Agolo kan gba ìmọ́lẹ̀, ó sì tún gba ajílẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yìí kò ba iṣẹ́ Ifẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ bí a ṣe gbọ́dọ̀ kà á. Kò fi hàn pé kí a ṣáà ti yí èdè padà, kí gbogbo nǹkan sì dára. Ohun tí ó fi hàn ni pé bí a bá fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, tí a fún un ní ìwé gidi, tí a sì fún un ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọṣẹ́, kò sí ohun tí yóò pàdánù, yóò sì jèrè púpọ̀. Gbólóhùn yìí kéré sí èyí tí àwọn alátìlẹ́yìn èdè wa máa ń sọ. Ó sì tóbi púpọ̀ ju èyí tí àwọn alátakò rẹ̀ fẹ́ gbọ́ lọ.

LÁTI 1977 DÉ 2025

Kí ni a wá fi àbájáde náà ṣe? Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1977 fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, pàápàá jù lọ àwọn aládàáni, kò ka ìlànà náà sí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí èdè: kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n dán wò ní Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970 di ìlànà lẹ́yìn ọdún 52. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sọ pé ó dìgbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà kí ó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán. Kàkà kí ìwé àti olùkọ́ dé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà tí ó wà lórí àlééfà, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù lọ ni àwọn ọmọ ti ń kùnà jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a fi ojú ọmọ tí ó gbin ẹ̀wà sínú agolo wo ọ̀rọ̀ yìí. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bèèrè.

Ọmọ tí ó parí ilé-ìwé girama ní ọdún 2025, tí kò sì tún kíláàsì kankan ṣe, ti wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2013. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà ọdún 2022, ó ti wà ní ọdún kìíní ìpele àgbà ní ilé-ìwé girama. Ìlànà náà kò kàn án rárá. Bí ó bá jẹ́ àṣà tí ó wà ṣáájú ni a ń bá wí, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí Redi ìbá bèèrè. Yàtọ̀ sí èdè, kí ni ó tún yàtọ̀ láàárín agbègbè kan àti èkejì? Ọmọ mélòó ni ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kan? Ta ni ó rí ìwé rà? Ta ni ó jẹun kí ó tó lọ sí ilé-ìwé? Níbo ni ogun àti ìjínigbé ti lé àwọn ọmọ kúrò nínú kíláàsì? Ǹjẹ́ ìwé èdè abínibí wà níbẹ̀, tàbí olùkọ́ kàn ń túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti orí? Bí agolo kan kò bá rí ìmọ́lẹ̀, tí kò rí omi, tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣá, kò tọ́ kí a di ẹ̀bi ru páálí nìkan.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé irú ìbéèrè yìí kan náà ni a bi iṣẹ́ Ifẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará Ifẹ̀ ní kíláàsì ìfiwéra, wọ́n fi ọdún púpọ̀ ṣọ́ ọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde kí ẹni tí ó bá fẹ́ takò ó lè rí ohun tí yóò takò. Ẹni tí ó bá fẹ́ wó ohun tí a fi ìdánwò kọ́ yẹ kí ó mú ìdánwò mìíràn wá.

ÌKÁDÌÍ

Olùkọ́ kò nílò àṣẹ láti Àbújá kí ó tó gbin ẹ̀wà sínú agolo. Èdè yòówù kí ìjọba ní kí a kọ sórí pátákó, àkókò kan ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́nsì tí olùkọ́ lè yíjú sí àwọn ọmọ kí ó sì bi wọ́n ní èdè tí wọ́n fi ń ronú pé, "Kí ni ẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?" Kí ó jẹ́ kí wọ́n jà á níyàn. Kí ó kọ àbá gbogbo wọn sílẹ̀, ti ọ̀lẹ àti ti akíkanjú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n jọ ṣí páálí. Bí ó bá di dandan, wọn ìbáà kọ àbájáde náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n wọn yóò ti mọ ohun tí wọ́n ń kọ.

Àwọn òbí náà ní iṣẹ́ tiwọn. Bí ọmọ bá bèèrè ohun tí a kò mọ̀, kí a má fi igbe lé e dànù, kí a má sì parọ́ fún un. Kí a sọ fún un pé, "Jẹ́ kí a dán an wò." Gbólóhùn kúkúrú yìí ni ó ń sọ ìdánwò di iṣẹ́ ọmọ, tí kì í fi í ṣe ẹrù tí ń bà á.

Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kúlúsọ ṣì wà lábẹ́ òrùlé ilé wa, nínú iyanrìn gbígbẹ, ó ń dúró de ẹni tí yóò bi í.